Camaro 1969 tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ fi 600 họ́ọ̀sìpáwà sí: bá a ṣe tò ó láti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú

Camaro 1969 ti Chevrolet ni mọ́tò náà, ẹ́ńjìnnì 350 ínṣì kúbíìkì ló wà níwájú ẹ̀, gíà 4 tí wọ́n ń fọwọ́ já ni, áàsù ẹ̀yìn ẹ̀ ni èyí tí wọ́n ń pè ní 10-bolt, bíréékì dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe SS, èyí tí wọ́n ṣe fún eré o, Camaro lásán ni, ṣùgbọ́n ara ẹ̀ mọ́, kò dípatà, nọ́ńbà tí wọ́n lù sára búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnnì sì bá ti ara mọ́tò mu, ẹni tó bá mọ mọ́tò àtijọ́ á mọ̀ pé ìyẹn ò kéré. Ẹ̀gbọ́n tó ni ín ti ń tọ́jú ẹ̀ tipẹ́. Nígbà tó yá wọ́n ní 600 họ́ọ̀sìpáwà làwọn fẹ́, wọ́n kọ gbogbo ńkan tí wọ́n fẹ́ rà sínú ìwé kan, wọ́n ní kí n báwọn wò ó káwọn tó kówó sílẹ̀.

Ńkan tó wà nínú ìwé yẹn dáa lọ́kọ̀ọ̀kan: káámù ńlá (irin tó ń ṣí fááfù), tọ́ọ̀pù sílíńdà alumíníọ̀mù, kábúrétọ̀ 850, manifold tuntun, hẹ́dà, pọ́ọ̀gì. Mo kà á títí, mi ò rí bíréékì, mi ò rí páìpù epo, mi ò rí áàsù, kílọ́ọ̀ṣì ò sí níbẹ̀, rèdíétọ̀ náà ò sí níbẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá, orí ẹ́ńjìnnì ni. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ ká yí ìwé yìí padà, ká bẹ̀rẹ̀ látibi tí táyà ti kan ilẹ̀, ká máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí a ó fi dé ọ̀dọ̀ ẹ́ńjìnnì, òun ló máa kẹ́yìn. Inú wọn ò dùn sí i. Ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń rí lójú àlá, tèmi wá ń sọ̀rọ̀ bíréékì.

Ìbéèrè tí mo kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé 600 yẹn, níbo? Ṣé lẹ́nu fúláwíìlì ni àbí nídìí táyà? Torí gíábọ́ọ̀sì máa jẹ tiẹ̀, pùròpẹ́là máa jẹ tiẹ̀, áàsù náà á jẹ tiẹ̀ kí agbára tó délẹ̀, fún mọ́tò onígíà ọwọ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí sábà máa ń yọ bíi 15 nínú 100, ìyẹn ni pé 600 lẹ́nu fúláwíìlì á di bíi 510 nídìí táyà. Ẹ̀gbọ́n ní lẹ́nu fúláwíìlì ni, wọ́n ní ṣebí 300 ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìlọ́po méjì péré làwọn ń wá.

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà, torí 300 tí gbogbo èèyàn máa ń sọ yẹn kì í ṣe 300 tòní. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n á gbé ẹ́ńjìnnì nìkan sórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, kò ní sí sàlẹ́ńsà mọ́tò lẹ́nu ẹ̀, kò ní sí gbogbo ńkan tí bẹ́ẹ̀tì máa ń yí, wọ́n á wá kọ iye tó bá jáde, gross ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ìgbà tó di 1972 làwọn ilé iṣẹ́ mọ́tò Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí kọ net, ìyẹn ẹ́ńjìnnì tó wọ gbogbo ẹ̀wù ẹ̀ bó ṣe máa wà nínú mọ́tò. 350 tí wọ́n ń pè ní L48, 300 ni wọ́n kọ sí i nínú Camaro SS 1969, nígbà tó di 1972, 200 ni wọ́n kọ sí i. Lóòótọ́ GM, ilé iṣẹ́ tó ni Chevrolet, ti sọ kọ̀ǹpúréṣọ̀n, ìyẹn bí písítìnnì ṣe ń tẹ afẹ́fẹ́ àti epo pọ̀ tó, kalẹ̀ ní 1971, kì í ṣe ọ̀nà ìwọ̀n nìkan ló yí padà, ṣùgbọ́n ẹ ti rí i. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ tó L48. Nítorí náà kì í ṣe ìlọ́po méjì là ń wá, ó ń sún mọ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Mo wá bi wọ́n pé ibo lẹ fẹ́ máa wà á lọ. Wọ́n ní títì ni, àwọn fẹ́ máa gbé e rin ìrìn àjò, epo ilé epo ló máa lò, ó lè kó sínú gòsílóò nígbà tóòrùn bá mú, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan làwọn lè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń sáré ìdá mẹ́rin máìlì, ìyàwó àwọn náà á sì máa wà á. Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ìdáhùn yẹn ló pinnu káámù, ló pinnu kọ̀ǹpúréṣọ̀n, ló pinnu gíà, a ò tíì fọwọ́ kan irin kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Ká ní ẹ́ńjìnnì tuntun bá fún wa ní tọ́ọ̀kù, ìyẹn agbára ìyípo, 500 lb-ft. Gíábọ́ọ̀sì tá à ń wò, gíà kìíní ẹ̀ jẹ́ 2.87, áàsù á jẹ́ 3.73. Ẹ fi 500 lọ́nà 2.87, ẹ tún fi lọ́nà 3.73, ó lé ní 5,300 lb-ft tó máa já lu ṣáàfù ẹ̀yìn nígbà tí táyà bá gbá títì mú. Ríìngì gíà inú 10-bolt yẹn, 8.2 ínṣì ni fífẹ̀ ẹ̀. Àtàrí àjànàkú kì í ṣẹrù ọmọdé. Ó lè gbé e fúngbà díẹ̀ bí táyà bá ń yọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá wọ táyà tó di ilẹ̀ mú dáadáa lọjọ́ tó máa fọ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi máa ń sọ pé áàsù àwọn lágbára, táyà wọn ni ò tíì dán an wò. A mú Ford 9-inch, áàsù tí ríìngì gíà ẹ̀ fẹ̀ tó 9 ínṣì, wọ́n ń ṣe é ní ìwọ̀n tó máa wọ Camaro yìí láìjó irin kankan mọ́ ọn.

Gíábọ́ọ̀sì, Tremec TKX la mú, gíà 5, àwọn tó ṣe é kọ ọ́ pé ó lè gbé tọ́ọ̀kù 600 lb-ft, gíà karùn-ún ẹ̀ sì jẹ́ 0.68. Ẹ̀gbọ́n rò pé gíà karùn-ún yẹn fàájì lásán ni. Mo bá wọn ṣírò ẹ̀ níwájú wọn: táyà 26 ínṣì, áàsù 3.73, eré máìlì 70 ní wákàtí kan, tó bá jẹ́ gíà 4 àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì á máa yí bíi 3,370 RPM (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) jálẹ̀ ọ̀nà, pẹ̀lú gíà karùn-ún ó wálẹ̀ sí bíi 2,290. Pé èèyàn fẹ́ fi mọ́tò rin ìrìn àjò tí ẹ́ńjìnnì ń ké ní 3,370 látàárọ̀ dalẹ́, etí á kọ̀ ọ́, epo náà á kọ̀ ọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun, ilé kílọ́ọ̀ṣì onírin dípò alumíníọ̀mù àtijọ́, torí bí fúláwíìlì bá fọ́ ní 6,000 RPM ẹsẹ̀ ẹni tó ń wa mọ́tò ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lórí ìyẹn mi ò gbà káwọn ẹ̀gbọ́n dúnàá-dúràá rárá.

Ara mọ́tò náà ń kọ́? Camaro ọdún yẹn, iwájú ẹ̀ ní férémù tiẹ̀ tí wọ́n fi bóòtù àti rọ́bà dè mọ́ ara, ẹ̀yìn ò ní férémù, pẹlẹbẹ irin ara mọ́tò ló ń ru ẹ̀yìn. A fi irin so iwájú pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn nísàlẹ̀, a pààrọ̀ rọ́bà, a fi irin dá sípírìn ẹ̀yìn dúró kó má bàa máa ká bí ẹsẹ̀ bá tẹ epo. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Bíréékì la jà lé jù. Díìsìkì lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a ti fẹnu kò lórí ìyẹn, bóósítà tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréékì lọ̀rọ̀ wà. Bóósítà tó wọ́pọ̀, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà ló ń lò, káámù ńlá tí ẹ̀gbọ́n fẹ́ sì máa ń jẹ́ kí fááfù tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé àtèyí tó ń tú èéfín jáde jọ ṣí sílẹ̀ pẹ́, tí ẹ́ńjìnnì bá wá ń yí jẹ́jẹ́, fífà yẹn á rọ. Bóósítà fẹ́ bíi 16 sí 18 lórí gééjì tó ń wọn fífà yẹn, káámù bẹ́ẹ̀ lè fún un ní 10 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Kí lèyí túmọ̀ sí? Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wà nínú gòsílóò, mọ́tò ń sún díẹ̀díẹ̀, ó tẹ bíréékì, ó le bí òkúta. Ẹni tó kàn ra káámù nítorí ìró ẹ̀ ò ní mọ̀ pé bíréékì lòun ń tà. A lo hydroboost, agbára ọ́ìlì tó ń ti pọ́ǹpù sítíárìn wá ló ń lò, kò béèrè lọ́wọ́ káámù.

Epo wá kàn. Ẹ́ńjìnnì tí ò ní supercharger, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n bá sẹ́ẹ̀tì ẹ̀ dáadáa, máa ń mu bíi ìlàjì pọ́un epo fún họ́ọ̀sìpáwà kan ní wákàtí kan tẹ́sẹ̀ bá wà nílẹ̀ pátápátá. 600 lọ́nà 0.5, 300 pọ́un nìyẹn, gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà kan wúwo tó bíi pọ́un 6, ó jẹ́ 50 gálọ́ọ̀nù, bíi lítà 190 ní wákàtí kan. Páìpù tó bá mọ́tò wá, 5/16 ínṣì ni, pọ́ǹpù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ò sì lè fa ìyẹn. Tó bá dé òkè RPM tí epo ò tó, iná inú sílíńdà á gbẹ, ooru á gòkè, písítìnnì á jó, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń gbà. A fi pọ́ǹpù lítà 255 sínú táǹkì, páìpù ńlá lọ, páìpù bọ̀, régúlétọ̀ tó ń dá a dúró níbi tí kábúrétọ̀ fẹ́.

A tún fi rèdíétọ̀ alumíníọ̀mù àti fáànù tó ní ilé sí i. Gbogbo ńkan tí mo kà sílẹ̀ yìí, ẹ́ńjìnnì àtijọ́ la fi wà á fúngbà kan kí tuntun tó dé, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá ń gbèrò irú iṣẹ́ yìí gbọ́ ìyẹn dáadáa. Mọ́tò ò kúrò lórí títì. Gbogbo ibi tó ń jò, ibi tí gíà ò ti wọlé dáadáa, ibi tí páìpù ti ń gbo ara, a rí i nígbà tí agbára ṣì kéré, a tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n fúnra wọn pè mí pé mọ́tò ti yàtọ̀, a ò sì tíì fi họ́ọ̀sì kan ṣoṣo kún un.

Ó wá kan ẹ́ńjìnnì. Ìwé àkọ́kọ́ gbà pé búlọ́ọ̀kù àtijọ́ la máa lò, ṣùgbọ́n a ò tíì wọ̀n ọ́n, bẹ́ẹ̀ béèyàn bá ń sunkún ó yẹ kó máa ríran. A tú u, a gbé e lọ bá bàbá tó ń bọ́ọ̀ ẹ́ńjìnnì, ìyẹn ni pé wọ́n ń gbẹ́ ojú sílíńdà fẹ̀. Bàbá ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn nu ojú sílíńdà, wọ́n fi gééjì sínú ẹ̀, wọ́n ń yí i wálẹ̀ jẹ́jẹ́, ọwọ́ gééjì yẹn ń sún. Ẹnu sílíńdà 350 yìí, 4.000 ínṣì ló bá dé láti ilé iṣẹ́. Tiwa ti di 4.040, ẹnìkan ti bọ́ọ̀ ọ́ rí tí ẹ̀gbọ́n ò mọ̀. Wọ́n wá gbé ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn bí ògiri ṣe nípọn, wọ́n ń fi lé e kiri, wọ́n ń kọ iye sára sílíńdà pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, nígbà tí wọ́n dé ìkẹfà, lápá ibi tí písítìnnì máa ń tì sí, wọ́n kọ 0.110, wọ́n fa ìlà sí i lábẹ́. Wọ́n ní tí wọ́n bá tún fi ọwọ́ kan èyí kó lè yípo dáadáa, ògiri á máa mì bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ríìngì ò ní gbá a mú, tó bá pẹ́ á sán. Kápù tó di kíráńkì mú nísàlẹ̀, onínọ́ọ̀tì méjì-méjì ni, kíráńkì fúnra ẹ̀ irin dídà ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n lù.

Ọ̀nà mẹ́ta ló kù. Ọ̀kan, LS3, ẹ́ńjìnnì Corvette 2008, lítà 6.2, 430 họ́ọ̀sìpáwà net láti ilé iṣẹ́, káámù lásán á gbé e kọjá 500, tó bá jẹ́ iye họ́ọ̀sì sí iye wàhálà nìkan là ń wò, òun ló dáa jù, mo sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n láìfi bò. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì káwọn rí kábúrétọ̀ àti dísítíríbútọ̀, àwọn ò fẹ́ kọ̀ǹpútà. Mi ò bá wọn jiyàn, mọ́tò wọn ni. Ìkejì, supercharger lórí 350 àtijọ́, ògiri 0.110 ti dá ìyẹn lẹ́jọ́. Ìkẹta ni búlọ́ọ̀kù tuntun irú ti Chevrolet yìí kan náà, irin, ògiri ẹ̀ nípọn, kápù onínọ́ọ̀tì mẹ́rin, ẹnu 4.125 ínṣì, kíráńkì lílù tó ń rìn 3.75 ínṣì, ìyẹn jẹ́ 401 ínṣì kúbíìkì. Ohun tó wà lára 350 náà ló máa wà lára ẹ̀, ojú ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Búlọ́ọ̀kù tó bá mọ́tò wá, a fi ọ́ìlì pa á, a wé e, ó wà nílé, ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́tò yìí lọ́jọ́ iwájú á bá a.

Ẹ̀gbọ́n ní ṣé a lè fi àyè supercharger sílẹ̀ nínú ẹ̀ fún ọjọ́ iwájú. Mo ní rárá, ẹ mú ọ̀kan. Àlàfo ẹnu ríìngì fún ẹ́ńjìnnì tó ń mí fúnra ẹ̀, bíi 0.0045 ínṣì fún ínṣì ẹnu kọ̀ọ̀kan, ìyẹn bíi 0.0185 fún tiwa. Fún èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tì, ó máa sún mọ́ 0.025, torí tí ríìngì bá gbóná tẹ́nu ẹ̀ méjèèjì kan ara wọn, á fa orí písítìnnì ya. Kọ̀ǹpúréṣọ̀n náà, 10.5 tó dùn mọ́ èyí tó ń mí fúnra ẹ̀ ti pọ̀ jù fún èyí tí wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ tì. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ṣe fún méjèèjì, kò ní dáa fún ọ̀kankan. Wọ́n ronú sí i, wọ́n ní ká má fi supercharger sí i mọ́.

Ìgbà tá a dé orí káámù ni wọ́n tó bínú díẹ̀. Tọ́ọ̀pù tá a mú, wọ́n wọn afẹ́fẹ́ tó ń gba ẹnu ẹ̀ kọjá, ó ń gba bíi 290 cfm, ìyẹn ẹsẹ̀ kúbíìkì afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ìṣírò tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n fi iye yẹn lọ́nà 0.257, lọ́nà sílíńdà 8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600, nítorí náà ẹnu tọ́ọ̀pù ò dí wa lọ́wọ́. Káámù ló máa pinnu. Èyí tó máa fà á dé 600 máa béèrè kọ̀ǹpúréṣọ̀n tó ju ti epo ilé epo lọ, á máa gbọ̀n ní gòsílóò, agbára ẹ̀ á sì wà lókè 6,500 RPM, níbi tí ẹni tó ń lọ sí ìrìn àjò kì í dé. Èmi àti bàbá sọ pé ká mú èyí tó máa fún wa ní bíi 530. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, àtìgbà tá a ti bẹ̀rẹ̀ lo ti ń bá mi yọ họ́ọ̀sì." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ wo tọ́ọ̀kù dípò ẹ̀: họ́ọ̀sìpáwà, tọ́ọ̀kù lọ́nà RPM ni, kí wọ́n pín in sí 5,252, 600 tó wà lókè lọ́hùn-ún ò ní ràn yín lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá wà ní 2,500 tẹ́ ẹ fẹ́ ya ọkọ̀ ńlá sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n ní ó dáa, kí bàbá ṣe é bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n.

Káámù tá a lò, onírólà ni, kì í ṣe tàpẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ tó wà nínú ìwé àkọ́kọ́. Pẹlẹbẹ yẹn, ọ̀pọ̀ ọ́ìlì òde òní ò ní síńkì tó pọ̀ tó fún un, bí wọ́n bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ẹ́ńjìnnì wọ́n gbọ́dọ̀ mú un sókè 2,000 RPM fún bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n má jẹ́ kó sinmi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ojú káámù á jẹ, irin ẹ̀ á wọ inú ọ́ìlì, á lọ bá gbogbo bíárìn. Kábúrétọ̀ 850 náà di 750. Ẹ fi 401 lọ́nà 6,100 RPM, ẹ pín in sí 3,456, ó jẹ́ bíi 708 cfm, 750 ti tó, á sì máa dáhùn yá ju 850 lọ nígbà tẹ́sẹ̀ bá kàn fọwọ́ kan epo.

Bàbá to ìsàlẹ̀ fúnra wọn. Bíárìn méín ní àlàfo bíi 0.0025 ínṣì, wọ́n wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní ìwé ẹ̀. Wọ́n ní ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà ní bíi 10 psi fún 1,000 RPM kọ̀ọ̀kan bó bá ti gbóná. Àárín orí písítìnnì àti tọ́ọ̀pù, tí wọ́n bá ti ka gásíkẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn, wọ́n fi 0.040 ínṣì sílẹ̀, torí bí ààyè yẹn bá pọ̀ jù, epo á máa bú fúnra ẹ̀ kí iná tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ìwọ̀n, ó lé díẹ̀ ní 530 ní 6,100 RPM, tọ́ọ̀kù lé díẹ̀ ní 500 ní nǹkan bí 4,600, ó sì ti ju 400 lọ láti 2,800. A gbé e sínú mọ́tò tó ti ṣe tán dè é, a ò pààrọ̀ ńkankan nísàlẹ̀, a ò gé ńkankan, kò sì sí ibi tó jò. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ti wà á nínú gòsílóò.

Táyà ló kù. Èyí tó fẹ̀ jù tó lè wọ abẹ́ mọ́dígáàdì ẹ̀yìn láìgé irin inú ni ẹ̀gbọ́n fẹ́, wọn ò gbà kí wọ́n gé ara mọ́tò, mo sì wà lẹ́yìn wọn lórí ìyẹn. Nítorí náà, gíà kìíní, ẹsẹ̀ ò ṣeé tẹ̀ dé ilẹ̀, gíà kejì gan-an èèyàn gbọ́dọ̀ rọra ṣe é lójú títì tútù. Ẹ̀gbọ́n ti ń bèèrè sípírìn ẹ̀yìn tó dáa ju èyí lọ, a ò sì tíì pinnu lórí ẹ̀.